Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ọkọ̀ Àgbà Yín, Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ẹbí Rẹ̀ Lọ sí Gate

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nílé epo ni pé ṣé mo máa ta mọ́tò yẹn. Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé kí ló dé tí mi ò fi gbé e sílẹ̀ kí n gba tuntun tó jọ ọ́. Mercedes 280 SL ni, ti ọdún 1979, ìjókòó méjì, òrùlé aláṣọ tó ń ká sẹ́yìn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òkè Àdó ń pè é ní Ṣífìlà. Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bá mi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ní Benz, èyí tó ní Porsche, títí dórí ọkùnrin kan tó ní Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì, mo sì ti ní ọ̀nà tí mò ń gbà tọ́ wọn sọ́nà. Òun náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká gbà pé "tuntun" tí à ń wí yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tí wọ́n máa nawọ́ rẹ̀ sí yín n'Ìbàdàn ni tòkunbọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún ọdún, tí wọ́n ti fi pólíìṣì pa lára títí tó fi ń dán. SLK 350 ti ọdún 2006 ni wọ́n fi lọ̀ mí ní Bódìjà. Òun náà ti di àgbà, àìsàn ogbó tirẹ̀ ni kò tíì jáde síta. Àgbà méjì lẹ fẹ́ yàn láàárín wọn, ọ̀kan ṣoṣo lẹ sì mọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó ń bí yín nínú nípa ọkọ̀ yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "ó ti gbó". Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń rojọ́ ara rẹ̀ fún dókítà: níbo, nígbà wo, kí ló ń ṣe. "Tí mo bá pa á ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án tí mo wọ báńkì, tí mo bá jáde, kì í tètè dáhùn." "Éésì ò tutù." "Ó ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road." "Omi ń wọlé síbi ẹsẹ̀ tí òjò bá rọ̀." "Kò gba àwọn ọmọ-ọmọ mi." Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ tó wá sọnù lára rẹ̀. Ẹ fi òbìrí yí ohun tí kò ní rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tí ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ mẹkáníìkì. Èyí tó wà nínú òbìrí ló ń fẹ́ ọkọ̀ mìíràn.

Tèmi ò ní éábáàgì, kò ní ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há), ènìyàn méjì ló sì ń gbà. Kò sí mẹkáníìkì tó lè fi ìyẹn kún un. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ń lọ Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ilẹ̀ sì máa ń ṣú yín sọ́nà, mi ò ní bá yín jiyàn rárá: ẹ wá ọkọ̀ tó ní nǹkan wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó wá bá mi, àwọn tó rí nǹkan fi òbìrí yí ò pọ̀. Ìlà ni wọ́n máa ń fà, abẹ́ nǹkan méjì ni ìlà yẹn sì sábà máa ń wà: ọkọ̀ tí kì í dáhùn tó bá ti gbóná, àti éésì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí méjèèjì, torí wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ Benz àtàtà kúrò nílé.

Àwọn 280 tó jáde láti ọdún 1976 ń lo ẹ̀rọ ìpín-epo tí Bosch ṣe, K-Jetronic lorúkọ rẹ̀. Kò ní bíréènbọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà wọlé ló ń gbé àwo kan sókè. Àwo yẹn ló ń ti ọ̀pá kékeré kan nínú ẹ̀rọ tó ń pín epo fún sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí bí epo inú páìpù ṣe lágbára tó. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí agbára díẹ̀ ṣì kù nínú páìpù náà, kí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì má baà sọ epo di gáàsì. Ohun tó ń di agbára yẹn mú ni akúmúlétọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù epo lẹ́yìn ọkọ̀, pẹ̀lú fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù náà. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti rọ, epo á sá padà sí tánkì, èyí tó ṣẹ́kù á hó, ẹ ó sì máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bàtírì á fi kú, níṣojú gbogbo ayé.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí á fi gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá sítáàtì rẹ̀. Tó bá ń pẹ́ kó tó dáhùn nígbà yẹn, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń dáhùn láàárọ̀ kùtù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ darí sí. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára epo kó tó tú nǹkankan. Èyí tí kò ní géèjì, tó ń sọ pé, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká yọ wàhálà yìí dànù, ká fi kábúrétọ̀ sí i," ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìjókòó sójú kan náà ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́. Ọkọ̀ tí a pa tì láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí tí ọyẹ́ fi dé, tó jẹ́ pé epo jẹ́ríkàànù tó ṣẹ́kù lára ti jẹnẹrétọ̀ ló wà nínú tánkì rẹ̀, omi á ti wà nínú epo yẹn, ọ̀pá kékeré tí mo sọ á sì lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ "ẹ́ńjìnnì ẹ ti kú" tí wọ́n ń sọ fún àwọn olówó ọkọ̀, ọ̀pá yẹn ló lẹ̀.

Ó ku éésì. Gáàsì tí wọ́n fi ṣe éésì àwọn ọkọ̀ ìgbà náà ni R-12. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò nílẹ̀, R-134a ló sì rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn oníéésì wa á kàn da R-134a sínú ọkọ̀ àgbà, á tutù díẹ̀, kọ́mpúréṣọ̀ á sì kú. Òróró tó ń bá R-12 rìn kì í pò mọ́ R-134a, nítorí náà kọ́mpúréṣọ̀ á máa yí láìsí òróró. Ẹ ní kí wọ́n fọ inú páìpù, kí wọ́n pààrọ̀ òróró náà sí èyí tó bá gáàsì tuntun mu, kí wọ́n yí dráyà àti àwọn rọ́bà ojú ìdè padà. Kò ní tutù bíi ti Camry, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rùn á kọjá láìjẹ́ pé aṣọ lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn.

Ẹ tún àwọn nǹkan tí ẹ fa ìlà sábẹ́ wọn ṣe kẹ́ ẹ tó pinnu ohunkóhun. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan ló ń gbowó. Bí ẹ bá sì ń wò ó lójú ìbínú, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ọkọ̀ náà mọ́ ni, àbí akúmúlétọ̀ kan ló ń bá yín jà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ pẹ́ n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ní ẹbí nílùú, èyí tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, ará ilé rẹ̀ kan á wà nítòsí tí a lè ké sí. Kò dá lórí bí ọkọ̀ ṣe dàgbà tó. Ẹ́ńjìnnì tèmi, M110 ni: sílíńdà mẹ́fà, 2746 cc, káàmù méjì lókè. Òun kan náà ló wà nínú 280 E onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní W123, ó wà nínú 280 S àti 280 SE. Àwọn ọkọ̀ yẹn ni àwọn ọlọ́lá ìlú yìí ń gùn nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé, èyí tó kú nínú wọn ò parẹ́, Gate, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ wa n'Ìbàdàn, ló wà ní ẹyọ-ẹyọ. Wọ́tà pọ́ǹpù, ṣéènì ẹ́ńjìnnì, gáskẹ́ẹ̀tì, aṣọ bíréèkì, pọ́ǹpù epo, kódà akúmúlétọ̀ tí mo sọ lókè, torí 230 E náà ń lo K-Jetronic.

Tí ẹ bá dé ọjà Aráròmí ní Gate, ẹ má dárúkọ SL. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ mú ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀ tẹ́ ẹ tú kúrò dání.

"Ẹ kú ọjà o. Ẹ ní wọ́tà pọ́ǹpù two-eighty?"

"Two-eighty wo, Mọ̀mí?"

"Ẹ́ńjìnnì one-one-zero. Ti onílẹ̀kùn mẹ́rin."

"Bẹ́líjíọ̀mù àbí tinú páálí?"

Ọ̀rọ̀ ti wọ̀ nìyẹn. (Bẹ́líjíọ̀mù ni àlòkù, tinú páálí ni tuntun.) Bí ẹ bá fi ẹnu sọ pé SL ni, bàtà yín ni oníṣòwò á kọ́kọ́ wò kó tó dárúkọ owó. Èyí tó jẹ́ rọ́bà tàbí gáskẹ́ẹ̀tì, ẹ gba tinú páálí. Èyí tó jẹ́ irin tó wúwo, Bẹ́líjíọ̀mù tó jẹ́ ojúlówó sàn ju ayédèrú tuntun lọ ní ojú tèmi, mẹkáníìkì mi sì ń bá mi jiyàn lórí ìyẹn títí dòní.

Ibi tí ẹbí SL parí sí ni ara rẹ̀. Gíláàsì iwájú, òrùlé aláṣọ, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn tó ní ìlà-ìlà, ẹ ò ní rí wọn lára 280 E. (Ìlà-ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: wọ́n ṣe é kí ẹrẹ̀ má lè bo iná náà tán. Ẹni tó ronú ẹ̀ dà bí ẹni tó ti wakọ̀ lójú òjò ní Ọ̀jọ́ọ̀ rí.) SL yìí tó 237,287 tí Mercedes ṣe láàárín ọdún 1971 sí 1989, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ ò wọ́n láyé, Jámánì àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ sí, yúrò àti dọ́là la sì fi ń rà á. Ẹ fi èyí kún ìṣirò yín: ẹ́ńjìnnì SL tó bàjẹ́ ń fẹ́ ọjà Gate, SL tí wọ́n kọlù ń fẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè.

Bí ẹ ṣe máa wá ẹbí fún ọkọ̀ èyíkéyìí: ẹ kọ ẹ̀yà mẹ́wàá tó máa ń kú lára mọ́tò. Wọ́tà pọ́ǹpù, pọ́ǹpù epo, ráàdíétọ̀, aṣọ bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, bíárìn ẹsẹ̀, ọtanétọ̀, gíà, gíláàsì iwájú, bíréènbọ́ọ̀sì bó bá ní. Ẹ béèrè wọn fún ọkọ̀ yín ní Gate, kẹ́ ẹ béèrè wọn fún èyí tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ má tíì kọ iye owó. Ìdáhùn ni kẹ́ ẹ kọ: "Ó wà," "Ẹ padà wá lọ́la," "Àfi ká ṣe ọ́dà rẹ̀." Tí "ó wà" bá pọ̀ sí ọ̀dọ̀ àgbà, ẹ̀rí ńlá nìyẹn lọ́wọ́ yín.

Táyà náà wà níbẹ̀. Tèmi jáde pẹ̀lú 185 R14. Ìwọ̀n yẹn kún ọjà nítorí àwọn bọ́ọ̀sì akérò ń lò ó, fokanáísà yín á sì fẹ́ fi ti bọ́ọ̀sì sí i. Ẹ kọ̀ fún un. Ti bọ́ọ̀sì le bí òkúta, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe eré. 195/70 R14 ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ wá.

Kí a wo ara ọkọ̀ náà. Ibí yìí ló lè yí ìdáhùn mi padà pátápátá, torí ẹ́ńjìnnì ṣe é pààrọ̀, ṣùgbọ́n SL tí egungun rẹ̀ ti jẹrà, àánú olówó rẹ̀ ń ṣe mí. Abẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ọkọ̀, ni àìsàn rẹ̀ wà. Ewé máa ń já síbẹ̀, ó máa ń dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, omi á dúró, irin tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ èrò á sì máa jẹrà láti inú wá. Ẹni tó ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ gbọ́? Ẹ rọra da ife omi kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú. Omi yẹn gbọ́dọ̀ jáde. Tí kò bá jáde, tó jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ló tutù, ẹ ní kí wọ́n tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, òòfà. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà, kẹ́ ẹ fi kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, orí táyà, àti ẹ̀gbẹ́ abẹ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń gbé jáàkì sí. Níbi tí òòfà ò bá ti lẹ̀, pútì ni pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan fi dí ihò níbẹ̀. Pútì níhìn-ín lọ́hùn-ún ò burú. Pútì níbi jáàkì burú.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í ṣe, tó sì ṣe pàtàkì fún iye tí ọkọ̀ náà jẹ́: ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáńsì 280 SL ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 107.042, ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110. Ọ̀pọ̀ Benz àgbà nílùú yìí ló jẹ́ pé ẹ̀rọ Toyota ló ń gbé wọn rìn báyìí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, ìgbà ló le. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀ ń tọ́jú ti yàtọ̀ sí ohun tí ẹ rò, ó sì lè rọrùn láti jẹ́ kó lọ. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tó wọ̀lú ṣáájú oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì, ẹ wo ibi tí ìdarí rẹ̀ wà. Ìdarí ọwọ́ ọ̀tún máa ń dá olùrà dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ wọlé. SLK 350 yẹn dára, mi ò ní parọ́. Mo wà á láti Bódìjà lọ sí Sángo, mo gba Mọ́kọ́lá bọ̀. Òrùlé irin rẹ̀ ń ká ara rẹ̀ sínú búùtù ní ìṣẹ́jú àáyá 22, àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé ní 260 agbára ẹṣin, tèmi ò ju 185 lọ. Ibi tó ti sáré, ẹ̀mí mi sáré pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà, M272 ni wọ́n ń pè é, ó sì ní àìsàn kan tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pá kan wà tó ń mú ẹ́ńjìnnì má gbọ̀n, eyín irin kan sì wà lẹ́nu ọ̀pá yẹn tí ṣéènì ń wọ́ yí. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, irin eyín yẹn rọ̀ jù. Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ìgbà ṣíṣí fáàfù á fi yẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Eyín náà ò tóbi. Ohun tó tóbi ni pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló ń sọ èyí tó kàn: tí òǹkà ìparí rẹ̀ bá kéré sí 30 468993, ó wà lára wọn. Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ síkáànì dání, kó wá kóòdù 1200 àti 1208. Ẹ kíyè sí i bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ débẹ̀. Oníṣíkáànì tó mọṣẹ́ á rí i pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ò tíì parí.

Epo náà ń kọ́? Ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì tèmi (bó ṣe ń há epo àti atẹ́gùn mọ́ra tó) jẹ́ 9 sí 1, ti M272 jẹ́ 10.7 sí 1, èyí tó ga jù ló sì ń fẹ́ epo tó dára jù. Ẹ ṣí ìdérí ẹnu tánkì SLK, wọ́n kọ irú epo tó ń fẹ́ síbẹ̀. Ẹ wá bi ara yín bóyá ilé epo tí ẹ ń lò ní irú ẹ̀. Ẹ wo táyà rẹ̀ pẹ̀lú: rọ́bà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbànú, ihò kan péré lọ́nà Elẹ́yẹlé, ríìmù ti tẹ̀.

Ọkùnrin tó fẹ́ fún mi ní SLK ní kí n gbé Ṣífìlà wá kí n fi owó lé e. Mo ní kó jẹ́ ká fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ ná. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ ti ṣe ìwádìí jù." Nọ́ńbà náà wà lábẹ́ iye tí mo kọ sókè yẹn. Mo kí i, mo bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé èmi kì í sọ pé kí ènìyàn tà. Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní UCH ní Porsche 944 ti ọdún 1986, ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kó lọ. Bélíìtì ló ń yí káàmù 944. Bó bá já, fáàfù á fi orí gbá písítìnì, ẹ́ńjìnnì parí nìyẹn. Ó ní iye ọdún tí bélíìtì yẹn ń lò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, yálà ọkọ̀ náà rìn tàbí kò rìn, ó sì ní bó ṣe yẹ kó le tó, irin iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gíà rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ tú láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọkọ̀ tó dára jù ni o! Òṣùwọ̀n rẹ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, kò sí tèmi tó bá a dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìwé ẹ̀yà mẹ́wàá dé Gate, ẹni méjì rẹ́rìn-ín, ẹnì kẹta ní ká fi òun joyè tí òun bá rí i.

Ó fi gba Toyota Celica GT ti ọdún 2003. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, 1ZZ-FE, òun náà ló wà nínú Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó kún gbogbo ìgboro. Ẹbí rẹ̀ ń bẹ ní ẹsẹ̀ ojúlé. Ohun tí mo kìlọ̀ fún un ni pé kó ṣọ́ra fún àwọn 1ZZ tó jáde ṣáájú bí ọdún 2002, wọ́n máa ń jẹ òróró ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó ṣọ́ra fún Celica GT-S: ara wọn jọra, ẹ́ńjìnnì wọn ò jọra, tirẹ̀ ò sì lẹ́bí tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ Porsche yẹn tó bá mu bíà tán. Kò sì tíì sùn sójú ọ̀nà.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀rọ̀ owó. Mi ò fẹ́ràn pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀. Ẹnu kan náà ló ń dárúkọ iye tí tiyín jẹ́ àti iye tí tirẹ̀ jẹ́, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti jẹ yín. Ẹni tó ń wá ìfà, ó ń wá òfò. Ẹ ta tiyín sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ fi owó ọwọ́ lọ ná èyí tí ẹ fẹ́. Bẹ́ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ gba iye méjèèjì ní kíkọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ tó sọ pé owó báyìí lẹ máa fi lé e.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò, ẹ má fi owó àtúnṣe àgbà wé owó tí ẹ máa fi lé e nìkan. Ká ní mílíọ̀nù mẹ́rin ló máa tún àgbà ṣe, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án sì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi lé e. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi táyà mẹ́rin, bàtírì, òróró gíà, ṣọ́ọ̀kì, àti owó àìsàn tí ọkọ̀ tuntun náà lókìkí fún kún mẹ́sàn-án yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ àgbà gbà wọlé ti tì. Ọkọ̀ àlòkù tó bá ti dàgbà jù wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà wọlé mọ́, ti ọdún 1979 sì ti kọjá ibẹ̀ láti ayé ọjọ́un. Bẹ́ẹ bá ta tiyín tí ọkàn yín wá fà á padà, inú ìlú lẹ ti máa wá òmíràn, iye tó kù nínú ìlú sì lẹ mọ̀. SLK ti ọdún 2006 náà ti kọjá ọjọ́ orí yẹn lónìí, nítorí náà kí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ fi hàn pé ó ti wọlé láti ọjọ́ tó pẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáńsì tó wà lára ọkọ̀ wé ti inú ìwé, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan.

Tó bá wá jẹ́ pé títà ló kàn, ẹ má jẹ́ kó kúrò nílé kí owó tó wọ àkáǹtì yín, kí báńkì fúnra rẹ̀ sì sọ fún yín pé ó wọlé, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù olùrà. Ẹ kọ àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì bá a lọ yí orúkọ padà lójú yín. Ọkọ̀ tó ṣì wà lórúkọ yín, ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ṣẹ̀ lọ́nà, ilé yín ló ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kó gbogbo sípéà tí ẹ ti kó jọ fún un: iná ẹ̀yìn, rọ́bà ilẹ̀kùn inú ọ̀rá, ìwé àtúnṣe rẹ̀ tó ti gba òróró sára. Ẹ fún olùrà ní gbogbo rẹ̀ láìgba owó, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà mẹkáníìkì yín lé e lórí.